Mo sunkún fún Ọ̀wọ̀, mi ò sunkún fún Benue: ṣé ọkàn mi ti kú ni?

Àbúrò kan kọ̀wé sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo gé e kúrú díẹ̀, mo sì yọ orúkọ ẹ̀ kúrò:

"Ẹ kú iṣẹ́ o mà. Ìbàdàn ni mò ń gbé, ọmọ Àkúrẹ́ ni mí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lé díẹ̀ lọ́gbọ̀n ọdún. Nígbà tí wọ́n pa àwọn èèyàn nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní Ọ̀wọ̀ lọ́dún 2022, ọjọ́ méjì ni mi ò fi lè jẹun, mo sunkún bí ọmọdé, bẹ́ẹ̀ mi ò ní ẹbí kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n pa àwọn ará Yelwata ní Benue lọ́dún 2025, tí àwọn tó kú sì pọ̀ ju ti Ọ̀wọ̀ lọ, mo kà á lórí fóònù, mo ní 'Olúwa ṣàánú', mo sún un sókè, kò pẹ́ tí mo fi ń rẹ́rìn-ín síbi fídíò aláwàdà kan. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ibà mú ọmọ alájọgbélé wa, mà, mi ò sùn mọ́jú. Ìyàwó mi ní kí n yéé ka ìròyìn. Èmi ṣá fẹ́ mọ̀ ni: ṣé ọkàn mi ti kú ni? Ṣé èèyàn burúkú ni mí?"

Àbúrò mi, o ṣeun tó o kọ ọ́ bó ṣe rí gan-an. Ọkàn ẹ ò kú o. Ẹni tí ọkàn ẹ̀ ti kú ò ní mọ̀ rárá pé òun ò sunkún. Ṣùgbọ́n mi ò ní fi ìyẹn nìkan tù ẹ́ nínú kí n máa lọ, torí ohun tó o béèrè yẹn, èmi náà ti bi ara mi ní àìmọye ìgbà.

Wo bí èdè wa ṣe ń sọ ọ́ ná. Tá a bá rí ọmọ tó ń jìyà a máa ń ní "àánú ẹ̀ ṣe mí". Ta ló ṣe nǹkan nínú ọ̀rọ̀ yẹn? Àánú ni. Èmi ò ṣe nǹkan kan, èmi ni wọ́n ṣe é sí, bíi kí òtútù mú mi tàbí kí ebi pa mí. Ṣùgbọ́n a tún máa ń sọ pé "mo ṣàánú ẹ̀", èmi gangan ni mo ṣe é níbẹ̀, ọwọ́ mi ló ṣe é. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní sàìkọ́lọ́jì, ọ̀rọ̀ méjì yẹn ni mo fi máa ń bẹ̀rẹ̀ tá a bá dé orí ọ̀rọ̀ àánú, torí mo gbà pé èdè wa ti rí nǹkan kan níbẹ̀ tó gba àwọn olùwádìí lọ́pọ̀ ọdún kí wọ́n tó rí i. Àánú tó máa ń ṣe ni yẹn, ẹsẹ̀ ẹ̀ kúrú, kì í lè rìn jìnnà, bí wọ́n ṣe dá gbogbo wa nìyẹn. Èyí tí a máa ń ṣe fúnra wa ló lè dé Benue. Ìwọ wá jókòó, ò ń retí pé kí àkọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ èkejì, nígbà tí kò ṣe é lo wá ń pe ara ẹ ní èèyàn burúkú.

Ọmọ alájọgbélé yín tí ibà mú yẹn, o gbọ́ igbe ẹ̀ lára ògiri, o rí ìyá ẹ̀ tó pọ̀n ọ́n tó ń rìn síwá sẹ́yìn ní kọ́rídọ̀ lóru, bóyá o tiẹ̀ gbóòórùn àgbo tí wọ́n ń sè. Ojú, etí, imú, gbogbo ẹ̀ ló jọ gbé ọ̀rọ̀ náà wọlé. Àwọn àgbà ní tí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò burúkú tí a ò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀húrù ẹ̀ ò ní jẹ́ ká sùn lóru. Mo fẹ́ràn òwe yẹn torí ó sọ òótọ́ kan tí wọn kì í sábà fi wàásù. Kò ní ká sọ fún un torí pé a nífẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó ní torí àwa náà ò ní rí oorun sùn, torí ògiri kan ṣoṣo ló wà láàrin wa. Hẹ̀rẹ̀húrù àwọn ará Yelwata ò lè dé Ìbàdàn. Ohun tó dé ọwọ́ tìẹ ni nọ́ńbà kan, orúkọ ìlú tó ò gbọ́ rí, àti fọ́tò kan lórí fóònù tí fọ́tò mìíràn ti ń tì lẹ́yìn. Kí ni àánú fẹ́ dì mú níbẹ̀?

Má sì rò pé torí wọ́n jẹ́ àjèjì nìkan ni. Tí obìnrin kan tó ò rí rí bá fẹsẹ̀ kọ ní Dùgbẹ̀, ẹnu ẹ á ti ní "pẹ̀lẹ́ o mà" kó o tó ronú rárá, bẹ́ẹ̀ ìwọ kọ́ lo tì í. Àjèjì ni, ṣùgbọ́n ó wà níwájú ẹ.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ gan-an. Nínú ìwé kan tó kọ́kọ́ jáde lọ́dún 1759, ọkùnrin ará Scotland kan tó ń jẹ́ Adam Smith, òun náà làwọn tó kàwé nípa ọrọ̀ ajé máa ń dárúkọ yẹn, ó ní ká sọ pé ìmìtìtì ilẹ̀ gbé gbogbo Ṣáínà mì lọ́jọ́ kan, kí ni ọmọlúwàbí kan tó wà ní Yúróòpù máa ṣe tó bá gbọ́? Ó ní á káàánú wọn, á sọ̀rọ̀ ọgbọ́n díẹ̀ nípa bí ayé èèyàn ò ṣe tó nǹkan, á wá padà sídìí òwò ẹ̀, tó bá sì dalẹ́ á sùn, á hanrun. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá sọ fún ọkùnrin yìí kan náà pé lọ́la ni wọ́n máa gé ọmọńdinrín ẹ̀, kò ní fojú kan oorun. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dúró sí tí wọ́n bá ń sọ ìtàn yẹn, Smith ò sì dúró síbẹ̀. Ó ní ẹ wá bi ọkùnrin yẹn bóyá ó máa gbà kí gbogbo ará Ṣáínà kú kí wọ́n lè fi ọmọńdinrín ẹ̀ sílẹ̀ fún un, ara ẹ̀ á bù máṣọ. Ẹ̀dùn ò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, ó sùn, ó hanrun, síbẹ̀ ó mọ ohun tó tọ́ sí àwọn èèyàn yẹn. Di ibẹ̀ mú fún mi.

Ká wá sọ ti Ọ̀wọ̀. Ọjọ́ 5 oṣù kẹfà, Sunday Pẹ́ńtíkọ́sì, ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì St Francis, èèyàn tó tó 40 ló kú. Ìpínlẹ̀ kan náà lẹ jọ wà, orúkọ àwọn tó kú jọ orúkọ àwọn tó wà nínú fóònù ẹ, èdè ẹ ni wọ́n fi ń sunkún nínú fídíò yẹn, aṣọ Sunday tó o rí nílẹ̀ yẹn ó jọ èyí tí ìyá ẹ máa ń wọ̀. Ó ṣeé ṣe kí ìwọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé nígbà tí ìròyìn yẹn jáde. Ikú tó ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fún ni, apá kan nínú ẹkún tó o sun yẹn ìwọ fúnra ẹ lo sun ún fún. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀ o, èmi náà sunkún Ọ̀wọ̀, Mùsùlùmí sì ni mí. Mo kàn fẹ́ kó o mọ ohun tó wà nínú ẹkún yẹn kó o tó fi wọn ara ẹ.

Ìwádìí kan wà tí mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, àwọn ọkùnrin inú wọn kì í gbàgbé ẹ̀. Lọ́dún 2005 Mark Levine àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní yunifásítì Lancaster ní Ìlú Ọba kó àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó jẹ́ Man U pọ́ńbélé jọ, wọ́n ní kí wọ́n kọ nǹkan díẹ̀ nípa kíláàbù wọn, wọ́n wá ní kí wọ́n rìn lọ sí ilé mìíràn lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n ṣe ń lọ, ẹnì kan tó ń sáré bọ̀ yọ̀ ṣubú, ó di ọrùn ẹsẹ̀ mú, ó ń ké, àwọn olùwádìí ló rán an. Tó bá wọ jésì Man U, ìdá 92 nínú ọgọ́rùn-ún ló dúró ràn án lọ́wọ́. Tó bá wọ ti Liverpool, ìdá 30. Tó bá wọ ṣẹ́ẹ̀tì lásán, ìdá 33. Ẹsẹ̀ kan náà o, igbe kan náà. Wọ́n wá tún un ṣe, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí wọn ò ní kí wọ́n kọ̀wé nípa Man U mọ́, wọ́n ní kí wọ́n kọ ọ́ bó ṣe ń dùn mọ́ wọn láti jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù. Ìdá 80 ran ẹni tó wọ Man U lọ́wọ́, ìdá 70 ran ẹni tó wọ Liverpool! Kò sẹ́ni tó wàásù fún wọn, kò sẹ́ni tó pààrọ̀ ọkàn wọn, ohun tí wọ́n fi ń pe ara wọn nìkan ló fẹ̀ sí i. Ẹni tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì lásán ni mo máa ń ronú kàn, torí òun ò rí nǹkan kan gbà nínú fífẹ̀ yẹn, 22 péré.

Wọ́n tiẹ̀ ti wo inú ọpọlọ. Lọ́dún 2009 ní Beijing wọ́n fi fídíò ibi tí abẹ́rẹ́ ti ń gún èèyàn lẹ́ẹ̀kẹ́ han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ṣáínà àtàwọn òyìnbó, ibi tó máa ń jí nínú ọpọlọ tí ara bá ń ro èèyàn, ó jí dáadáa fún ojú tó jọ tiwọn, fún ojú tí ò jọ tiwọn ó rẹlẹ̀, bẹ́ẹ̀ tí wọ́n bá bi wọ́n lẹ́nu wọ́n á ní ìrora yẹn bákan náà ni. Wọn ò purọ́, wọn ò mọ̀ ni. Àmọ́ nígbà tí wọ́n wá yẹ àwọn ọmọ Ṣáínà tó dàgbà sáàrin òyìnbó wò, ìyàtọ̀ yẹn ti lọ, èyí tó fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ kọ́, ibi tí ojú gbé dàgbà ni.

O tún kọ ọ́ pé àwọn tó kú ní Yelwata pọ̀ ju ti Ọ̀wọ̀ lọ, bíi pé ó yẹ kí ìyẹn jẹ́ kó dùn ẹ́ jù. Ibẹ̀ gan-an lo ti ṣìnà, torí àánú tó ń ṣe ni ò mọ ìṣirò rárá, nọ́ńbà tiẹ̀ máa ń lé e lọ ni. Lọ́dún 2007 Deborah Small, George Loewenstein àti Paul Slovic fún àwọn èèyàn ní Amẹ́ríkà ní dọ́là 5, wọ́n ní tí wọ́n bá fẹ́ wọ́n lè yọ nínú ẹ̀ fún àwọn tí ebi ń pa ní Áfíríkà. Àwọn kan ka ìtàn ọmọbìnrin ọdún méje kan láti Mali, Rokia lorúkọ ẹ̀, wọ́n sì rí fọ́tò ẹ̀, wọ́n yọ dọ́là 2.38. Àwọn kan ka nọ́ńbà, pé ebi ń pa mílíọ̀nù báyìí lórílẹ̀-èdè báyìí, wọ́n yọ 1.14. Èyí tó máa ń yà mí lẹ́nu ni àwọn tí wọ́n fún ní méjèèjì pọ̀, ìtàn Rokia àti nọ́ńbà yẹn: 1.43. Wọ́n fi òótọ́ kún òótọ́, owó sì já wálẹ̀.

Ogun Síríà ti jà fún ọdún mẹ́rin, ó ti pa àìmọye èèyàn, ká tó rí fọ́tò Alan Kurdi, ọmọ kékeré tí omi gbé sí etíkun ní Tọ́kì lóṣù kẹsàn-án 2015. Ẹgbẹ́ Red Cross ní Sweden ní àsùnwọ̀n kan fún àwọn tó ń sá fógun yẹn, lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé fọ́tò yẹn iye ìgbà tí àwọn èèyàn ń fi owó ránṣẹ́ lójúmọ́ fò sókè ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó ti tún lọ sílẹ̀. Ogun yẹn ò sì tíì parí nígbà yẹn o.

Tiwa náà wà ńlẹ̀. Ta ló rántí Buni Yadi? Lóṣù kejì 2014, ọ̀sẹ̀ méje ṣáájú Chibok, àwọn Boko Haram wọ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ ní Buni Yadi ní Yobe lóru, wọ́n pa ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin nínú ilé tí wọ́n sùn sí, wọ́n dáná sun àwọn kan. Ìwọ̀nba ariwo díẹ̀ la gbọ́. Chibok dé, wọ́n jí ọmọbìnrin 276 gbé, gbogbo ayé dìde. Mo ti ronú lórí èyí gan-an, mi ò sì rò pé a fẹ́ràn ọmọbìnrin ju ọmọkùnrin lọ. Àwọn ọmọ Chibok ṣì wà láàyè nígbà yẹn, orúkọ wọn wà, àwọn ìyá wọn dúró síta tí wọ́n gbé fọ́tò wọn dání, ohun tí à ń béèrè ò ju gbólóhùn kan lọ, ẹ dá wọn padà. Ìrètí wà níbẹ̀ tí àánú lè gùn. Àwọn ọmọ Buni Yadi ti kú, kò sí ohun tá a máa béèrè, ojú wa wá fò wọ́n kọjá. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rántí.

Mo tún fẹ́ sọ èyí tí kò dùn ún gbọ́: nígbà mìíràn a máa ń sá ni. Àwọn olùwádìí méjì, Cameron àti Payne, fi hàn lọ́dún 2011 pé táwọn èèyàn bá ti mọ̀ pé wọ́n máa ní kí wọ́n mówó wá, àánú wọn fún èèyàn mẹ́jọ á kéré sí ti ẹnì kan, ṣùgbọ́n tí wọn ò bá retí pé ẹnikẹ́ni máa béèrè nǹkan lọ́wọ́ wọn, ìkéré yẹn ò sí níbẹ̀. Ọkàn ti rí ẹrù yẹn látòkèèrè, ó ti yà kúrò lọ́nà. Mi ò lè dá Nàìjíríà lẹ́bi lórí èyí pátápátá, gbájúẹ̀ ti pọ̀ jù, wọ́n á mú fọ́tò ọmọ ọlọ́mọ tó ń ṣàìsàn wọ́n á fi nọ́ńbà àkáǹtì tiwọn sábẹ́ ẹ̀, tí wọ́n bá ti gbá ọ ní ojú lẹ́ẹ̀kan, ìgbà kejì wàá kọ́kọ́ di ọkàn ẹ lámùrè. Ìkánjú náà wà ńbẹ̀. Darley àti Batson lọ́dún 1973 rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ pásítọ̀ ní Princeton lọ sọ̀rọ̀ ní ilé kejì, òmíràn nínú wọn tiẹ̀ ń lọ sọ̀rọ̀ lórí aláàánú ará Samáríà gan-an, ọkùnrin kan sì wó sílẹ̀ lójú ọ̀nà tó ń wúkọ́. Àwọn tí wọ́n sọ fún pé ẹ ti pẹ́, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ló dúró. Àwọn tí àyè wà fún, 63. Fóònù tó wà lọ́wọ́ wa yìí, ìkánjú ni láti òwúrọ̀ dalẹ́, àtàǹpàkò kì í dúró.

Nítorí náà mi ò ní sọ fún ẹ pé kó o máa tiraka kí ti Benue máa dùn ẹ́ bíi ti Ọ̀wọ̀. Kò ṣeé ṣe, tó bá tiẹ̀ ṣeé ṣe yóò pa ẹ́. Àánú tó ń ṣe ni sì lè ṣèrú o. Batson yìí náà, lọ́dún 1995, sọ fún àwọn èèyàn nípa ọmọ ọdún mẹ́wàá kan tó ń ṣàìsàn, pé orúkọ ẹ̀ wà lórí ìlà àwọn tó ń dúró de ìtọ́jú, ṣé kí wọ́n gbé e síwájú? Àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n fi ara wọn sípò ọmọ yẹn, bíi mẹ́ta nínú mẹ́rin ló ní kí wọ́n gbé e síwájú, kí ó kọjá àwọn ọmọ tí àìsàn tiwọn le ju tiẹ̀ lọ. Èmi náà ti jẹ̀bi ẹ̀. Ọmọ ọ̀rẹ́ mi kan nílò iṣẹ́ abẹ lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, a pín fọ́tò ẹ̀ káàkiri WhatsApp, ọmọ tó lẹ́wà, tó ń rẹ́rìn-ín, láàrin ọjọ́ mẹ́rin owó pé, ó tiẹ̀ ṣẹ́kù. Mo lọ kí i ní wọ́ọ̀dù, ọmọ kan wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì, àìsàn kan náà, bàbá ẹ̀ ò ní fóònù tó ń ya fọ́tò. A fún bàbá yẹn nínú èyí tó ṣẹ́kù, kò tó. Mi ò tíì gbàgbé ojú ọkùnrin yẹn.

Ìyá ìyá mi ní abúlé máa ń gbé àmù omi kan síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, pẹ̀lú igbá. Kí ó tó lọ sóko láàárọ̀ ó ti pọn ún kún, tó bá dé ní ìrọ̀lẹ́ omi ti lọ sílẹ̀, kò mọ ẹni tó mu ún. Mi ò rántí pé mo gbọ́ ọ kó sọ pé àánú àwọn tó ń kọjá ń ṣe òun. Iṣẹ́ àárọ̀ ẹ̀ ni, bíi kó gbálẹ̀. Sàká tí àwa Mùsùlùmí máa ń yọ, bó ṣe rí náà nìyẹn: ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún lórí ohun tó bá ti tó ìwọ̀n tó sì pé ọdún, kò sẹ́ni tó bi ẹ́ bóyá ó ń dùn ẹ́, àwọn tó tọ́ sí sì wà lákọsílẹ̀, ọ̀nà mẹ́jọ, ọ̀kan nínú wọn ni arìnrìn-àjò tí owó tán mọ́ lọ́wọ́, ìyẹn àjèjì pátápátá. Ìwọ náà mọ ìdá mẹ́wàá. Àwọn tó wà ṣáájú wa mọ̀ pé tí a bá dúró de ẹ̀dùn, àjèjì á kú lójú ọ̀nà.

Ohun tí mo fẹ́ kó o ṣe ò pọ̀. Mú iye kan nínú owó oṣù ẹ, kékeré tí kò ní dí ẹ lọ́wọ́, pinnu ẹ̀ lọ́jọ́ tí ìròyìn kankan ò bà ẹ́ nínú jẹ́, ya ibì kan sọ́tọ̀ tó máa máa lọ. Ibì kan ṣoṣo o, má fẹ̀ ẹ́ lójú. Tó o bá fẹ́ kó jẹ́ Benue, Makurdi ni ọ̀pọ̀ àwọn tó kù ní Yelwata sá lọ, àwọn Kátólíìkì wà níbẹ̀, Red Cross wà, wádìí ẹni tó ń gbà á dáadáa torí gbájúẹ̀ tá a sọ yẹn. Kó o sì jẹ́ kí ojú ẹ lọ dàgbà níbòmíràn díẹ̀. Lọ bá àwọn tó ń ta iṣu ní Bódìjà, bi wọ́n pé ibo ni wọ́n ti ń kó o bọ̀, bi wọ́n pé ta ló gbìn ín, wàá gbọ́ orúkọ Benue lẹ́nu wọn. Àgbẹ̀ ni àwọn tí wọ́n pa yẹn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kọ́kọ́ sá kúrò lóko wọn tẹ́lẹ̀, inú ṣọ́ọ̀bù ọjà ni wọ́n ń sùn tí wọ́n fi dáná sun wọ́n mọ́bẹ̀ lóṣù kẹfà yẹn, wọ́n ní wọ́n lé ní 100. Mo mọ̀ pé o ti ka èyí tẹ́lẹ̀. Rọra tún un kà.

Ní ti ìyàwó ẹ, ó tọ̀nà dé ìdajì. Má yéé ka ìròyìn, ṣùgbọ́n yéé kà á láàrin fídíò aláwàdà méjì, yan ìgbà kan lójúmọ́, jókòó, kà á tán, gbé fóònù sílẹ̀. Bá mi kí i. Kó o sì bá mi bi ìyá ọmọ alájọgbélé yín yẹn, ṣé ibà ti lọ?